Fàdámà Kì í Ṣe Ilẹ̀ Kan Ṣoṣo: Ẹ Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kí Ẹ Tó San Owó Rẹ̀

 

Bí ènìyàn bá pe "fàdámà" lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, owó ni ọ̀pọ̀ wa máa ń rò. Wọn á ní, "Ṣé owó fàdámà ti jáde?" Ẹ̀bi wọn kọ́. Láti nǹkan bí ọdún 2004 tí ètò Fàdámà Kejì ti wọ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó, ohun tí ojú rí ni ẹgbẹ́ àjùmọ̀ṣe, ẹ̀rọ afami àti ìrànlọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ilẹ̀ ṣe di orúkọ owó. Ọ̀rọ̀ Haúsá ni, ilẹ̀ ló sì ń jẹ́: ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́bàá odò, tí omi máa ń bò mọ́lẹ̀ nígbà òjò, tí ó sì máa ń fà kúrò lórí rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ilẹ̀ òkè tí omi kì í dé, tùdú ni àwọn Haúsá ń pè é. Èyí tó sún mọ́ fàdámà jù nínú èdè tiwa ni àkùrọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. A ó rí ìyàtọ̀ wọn níwájú.

Ibi tí orúkọ náà ti wá gan-an ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí, ìyẹn pápá ọ̀dàn gbígbẹ òkè Ọya: àfonífojì odò Sókótó àti Rima tí ń ṣàn lọ pàdé Ọya ní ìpínlẹ̀ Kebbi, àti ti odò Hadejia òun Jama'are tí wọ́n para pọ̀ di odò Yobe, tí ó ń lọ sí adágún Chad. Àwọn ará wa pọ̀ lọ́hùn-ún tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà baba wọn. Àwọn ọ̀dọ́ mìíràn náà ń béèrè lọ́wọ́ wa bóyá ó yẹ kí àwọn lọ yá ilẹ̀ etídò níbẹ̀ fún oko ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tí kò sì ní lọ rárá, àfàìmọ̀ kí àlùbọ́sà inú ọbẹ̀ rẹ̀ má ti ibẹ̀ wá, nítorí Sókótó àti Kebbi wà lára àwọn tó ń kó àlùbọ́sà sọ̀kalẹ̀ wá sí Máìlì 12 l'Ékòó àti Bódìjà n'Íbàdàn.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ dì mú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹ̀kún omi ló dá ilẹ̀ fàdámà, ẹ̀kún omi náà ló ń bọ́ ọ. Ọwọ́ omi kò sì dọ́gba lórí rẹ̀. Ẹni méjì lè yá ilẹ̀ fàdámà ní abúlé kan náà, ní iye kan náà, kí ọ̀kan kó àlùbọ́sà kún ọkọ̀, kí ìkejì padà wálé pẹ̀lú gbèsè.

BÍ OMI ṢE TO ILẸ̀ NÁÀ

Òjò ibẹ̀ kéré. Sókótó kì í sábà rí ju 600 sí 700 mìlímítà lọ lọ́dún, nígbà tí Ìbàdàn ń rí ju 1,200 lọ. Èyí tó kéré náà, láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án ló máa ń rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà, oòrùn àti ọyẹ́ ló kù. Bí omi bá wà ní gbangba níbẹ̀ fún odidi ọdún kan, èyí tí oòrùn yóò fà gbẹ nínú rẹ̀ á ju 2,000 mìlímítà lọ, ìyẹn tó ìlọ́po mẹ́ta òjò. Nítorí náà, bí oṣù kọkànlá bá fi dé, tùdú ti di eruku. Fàdámà nìkan ló ṣì tutù nínú. Ẹ wá rí ìdí tí gbogbo ayé fi ń du ú: olóko, darandaran, apẹja, títí kan ẹni tó ń mọ bíríkì.

Ẹ rántí bí a ṣe ń ṣe ògì. Bí a bá sẹ́ ẹ tán, a ó gbé e kalẹ̀ kí ó rò. Èyí tó wúwo á tètè lọ sílẹ̀, èyí tó kúná á pẹ́ kí ó tó rò, ó lè di ọjọ́ kejì kí omi orí rẹ̀ tó mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni odò ń ṣe. Nígbà tí omi bá kún, tí ó sì ya kúrò lójú odò, ipá rẹ̀ á ṣẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Yanrìn tó wúwo á já sílẹ̀ lẹ́bàá odò níbẹ̀, èyí ló ń mú kí etí odò gan-an ga díẹ̀ ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ẹrẹ̀ kíkúná á rìn síwájú díẹ̀ kí ó tó balẹ̀. Amọ̀, tó kúná jù lọ, á bá omi lọ títí dé ibi tó jin kòtò lẹ́yìn, níbi tí omi ti ń dúró jẹ́ẹ́, níbẹ̀ ni á ti máa rò díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ọdọọdún ni èyí ń ṣẹlẹ̀, ó sì ti ń ṣẹlẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbéra láti etí odò, tí ẹ ń rìn lọ sí ẹsẹ̀ tùdú, ilẹ̀ mẹ́ta ni ẹ óò bá pàdé. Àwọn àgbẹ̀ Haúsá mọ̀ wọ́n dáadáa, wọ́n sì ní orúkọ fún wọn: rairayi ni yanrìn, laka ni amọ̀ tó ń lẹ̀. Ohun tó ń da ènìyàn láàmú ni pé odò máa ń yí ojú padà. Ibi tó jẹ́ ojú odò ní ayé baba ńlá wa lè ti di oko lónìí, kí amọ̀ bo yanrìn àtijọ́ mọ́lẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2 péré. Ojú lásán kò lè rí èyí. Ọkọ́ ló ń rí i.

Àwọn tó ń gbé ẹ̀bá Ọya fúnra rẹ̀ ní Kebbi mọ oríṣi ẹ̀kún omi méjì. Omi funfun ń dé ní nǹkan bí oṣù kẹjọ sí ìkẹsàn-án. Òjò tó rọ̀ nítòsí ló ń gbé e wá, ó sì kún fún ẹrẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti omi tí a fi fọ ìrẹsì. Omi dúdú ń dé ní àsìkò ọyẹ́ nígbà tí òjò ti lọ. Láti òkè Guinea ló ti gbéra, ó sì gba Mali kọjá. Ó ti da ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ sí àbàtà ńlá tó wà níbẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ìdí nìyí tí ó fi mọ́. Omi funfun ń bọ́ ilẹ̀, omi dúdú ń rin ín.

OHUN TÍ ILẸ̀ KỌ̀Ọ̀KAN Ń FẸ́

Yanrìn etí odò kò fẹ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó rọrùn láti ro, omi kì í dúró lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè tọ́jú omi. Bí a bá wa ilẹ̀ dé mítà kan, èyí tí yanrìn lè pa mọ́ fún ohun ọ̀gbìn kì í ju 50 sí 100 mìlímítà lọ. Ẹrẹ̀ kíkúná tàbí ilẹ̀ tí amọ̀ dàpọ̀ mọ́ lè pa 150 sí 200 mọ́. Ẹ gbin ẹ̀gẹ́, ànàmọ́, ẹ̀pà tàbí bàrà sórí yanrìn. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀fọ́ sí i gbọ́dọ̀ kó ìgbẹ́ màlúù sí i dáadáa, kí ó sì máa bu omi díẹ̀díẹ̀ lemọ́lemọ́. Bí a bá da omi púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, omi á gbé fatiláìsà lọ sí ìsàlẹ̀ tí gbòǹgbò kò lè dé, owó á sì bá a lọ.

Ẹrẹ̀ àárín ni gbogbo ènìyàn ń wá, òun náà sì ni owó rẹ̀ ń ga jù. Àlùbọ́sà, tòmátì, ata, áyù, àgbàdo tútù, gbogbo wọn ló fẹ́ràn rẹ̀. Púpọ̀ nínú gbòǹgbò àlùbọ́sà kì í jìn ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, nítorí náà omi tó wà ní ìsàlẹ̀ jinjin kò ṣe é ní àǹfààní. Àfi kí ẹ máa fi ẹ̀rọ bu omi fún un. Ní oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá ni a ń gbin èso rẹ̀ sí ibi ìtọ́jú irúgbìn, kí a tó lọ́ ọ sí oko ní oṣù kejìlá sí oṣù kìn-ín-ní. Oṣù kẹta sí ìkẹrin ni ìkórè. Ẹ fi oṣù kẹrin yẹn sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀.

Amọ̀ ẹ̀yìn odò ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí òun ni àwa tí a ti ìhín lọ máa ń kọ̀ sílẹ̀. A ó wò ó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a ó rí i tí ó sán yàwàlà, ojú sísán rẹ̀ lè gba ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, a ó sì ní ilẹ̀ burúkú ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí omi bá dé, amọ̀ yìí á wú, á pa ẹnu dé, á sì di omi mú sínú bí ìkòkò. Bí ó bá tún ń gbẹ, á sún kì, á sì tún sán. Ó ń ro ara rẹ̀ ni, a lè sọ bẹ́ẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni àsìkò: bí ó bá tutù jù, á lẹ̀ mọ́ ọkọ́ títí ọkọ́ á fi wúwo bí òkúta ọlọ, bí ó bá gbẹ jù, ọkọ́ á kàn máa ta padà ni. Ọjọ́ mélòó kan péré ló wà láàárín méjèèjì tí ó ṣeé ro. Ẹni tí kò bá ní ènìyàn tàbí ẹ̀rọ tí yóò ràn án lọ́wọ́ lọ́jọ́ wọ̀nyẹn kí ó má yá amọ̀ púpọ̀.

Ẹ wo ohun tí àwọn àgbẹ̀ Borno ń fi irú ilẹ̀ yìí ṣe. Lẹ́bàá adágún Chad, amọ̀ dúdú kan wà tí wọ́n ń pè ní firki. Ìsàlẹ̀ adágún àtijọ́ ló ti wá, kì í ṣe odò tó ń ṣàn ló kó o jọ, ṣùgbọ́n ìwà òun àti ti amọ̀ ẹ̀yìn odò jọ ara wọn. Wọ́n á mọ ìdì yí oko ká kí omi òjò má baà sá lọ. Wọ́n á gbin ọkà bàbà kan tí ń jẹ́ masakwa sí ibi ìtọ́jú irúgbìn. Nígbà tí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, wọ́n á fi igi ńlá olórí ṣóńṣó gún ihò sínú amọ̀, wọ́n á bu omi díẹ̀ sí i, wọ́n á sì lọ́ ọkà náà síbẹ̀. Ó parí. Òjò kò ní rọ̀ mọ́, wọn kò sì ní bu omi fún un mọ́. Ọkà náà á máa fa omi tó wà nínú amọ̀ títí wọ́n á fi kórè rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní sí oṣù kejì, nígbà tí gbogbo tùdú ti gbẹ háúháú. Kò sí epo bẹntiróòlù níbẹ̀, kò sí ẹ̀rọ. Nígbà tí owó epo ń ga báyìí, ẹ jẹ́ kí a ronú sí i dáadáa.

Ìrẹsì ni ohun mìíràn tó bá amọ̀ mu. Ibi tí omi kò bá jìn, FARO 44 dára, ó ń gbó láàárín nǹkan bí ọjọ́ 110 sí 120. Ibi tí omi ń jìn ju orúnkún lọ, ìrẹsì kúkúrú á rì. Àwọn àgbẹ̀ àfonífojì Ọya ní ìrẹsì ìbílẹ̀ ti ilẹ̀ Áfíríkà fúnra wa, èyí tí a kò rà lọ́wọ́ àwọn ará Éṣíà, àwọn kan nínú rẹ̀ sì máa ń ga bí omi ṣe ń ga. Èso rẹ̀ kì í pọ̀ tó ti FARO, ó sì máa ń tètè gbọ̀n dànù, ṣùgbọ́n ó ń yè níbi tí èkejì ti ń kú.

Ẹ má jẹ́ kí dúdú ilẹ̀ tàn yín. Lọ́dọ̀ wa, bí ilẹ̀ bá dúdú, a ó ní ewé jíjẹrà pọ̀ nínú rẹ̀. Amọ̀ òkè Ọya lè dúdú bí èédú kí ewé jíjẹrà má sì tó nǹkan nínú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ni bẹ́ẹ̀. Nàìtírójìn ni ó máa ń wọ́n ọn jù. Nítorí náà yúríà ṣe pàtàkì fún ìrẹsì, ṣùgbọ́n ẹ má fọ́n ọn sínú omi tó kún oko. Púpọ̀ nínú rẹ̀ á bá atẹ́gùn lọ. Ẹ kọ́kọ́ fa omi kúrò, ẹ fọ́n ọn sórí ẹrẹ̀, ẹ rò ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó dá omi padà.

ÀKÙRỌ̀ TIWA ŃKỌ́?

Àkùrọ̀ tiwa ní Ọ̀yọ́, Ògùn tàbí Èkìtì, àárín òkè méjì ló sábà máa ń wà. Àgbàrá ló ń fọ ilẹ̀ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ òkè tó wà nítòsí, kì í ṣe odò ńlá ló ń kó o wá láti ọ̀nà jíjìn. Òjò wa pọ̀ tó láti máa fọ iyọ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ohun tó ń yọ wá lẹ́nu ni irin: bí ẹ bá rí omi tó ní àwọ̀ bí ìpẹtà, tí nǹkan kan léfòó lójú rẹ̀ bí epo, tí ewé ìrẹsì sì ń pọ́n láti ṣóńṣó wá, irin ti pọ̀ jù níbẹ̀. Lọ́hùn-ún, iyọ̀ ni ọ̀tá. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí ìmọ̀ àkùrọ̀ nìkan kò fi tó fún ẹni tó fẹ́ lọ ṣe fàdámà.

IYỌ̀

Káún tí a ń fi se ewédú, ibo ni ẹ rò pé ó ti ń wá? Láti agbègbè adágún Chad ni wọ́n ti ń kó o wá láti ayébáyé, níbi tí oòrùn ti ń fa omi gbẹ títí iyọ̀ inú rẹ̀ á fi kù sílẹ̀. Ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ nínú oko yín.

Gbogbo omi odò àti omi kànga ló ní iyọ̀ díẹ̀ nínú, bí ẹnu kò tilẹ̀ tọ́ ọ wò. Bí ẹ bá ń bu omi sí oko lójoojúmọ́ tí omi kò ní ibi tí yóò gbà jáde, omi abẹ́ ilẹ̀ á máa ga bọ̀ wá sókè. Nígbà tí kò bá jìn sí ojú ilẹ̀ mọ́, amọ̀ á máa fà á sókè bí òwú àtùpà ṣe ń fa kẹrosíìnì. Oòrùn á fa omi lọ, iyọ̀ á dúró. Ọdún kìn-ín-ní, ẹ kò ní rí nǹkan kan. Ọdún kẹta, ẹ óò rí funfun bí ìyẹ̀fun lórí ebè ní òwúrọ̀. Àlùbọ́sà àti kárọ́ọ̀tì ló máa kọ́kọ́ kú, nítorí wọn kò lè gba iyọ̀ rárá. Tòmátì á gbìyànjú díẹ̀. Àlìkámà, ọkà bàbà àti òwú lè fara dà á jù wọ́n lọ. Bí ẹ bá rí i tí aládùúgbò ẹni tó fẹ́ yá yín ní ilẹ̀ ti fi àlùbọ́sà sílẹ̀, tí ó ń gbin kìkì ọkà bàbà sórí ilẹ̀ tó yẹ fún ẹ̀fọ́, ẹ béèrè ìdí.

Bí iyọ̀ náà bá jẹ́ funfun lásán, ó ṣì ní àtúnṣe: ẹ la ojú ìṣàn omi jáde kúrò nínú oko, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀kún omi tàbí òjò púpọ̀ fọ̀ ọ́ sọ̀kalẹ̀. Bí kò bá sí ojú ìṣàn, fífọ̀ ọ́ kò wúlò, ẹ kàn ń pọn omi lé omi ni. Ibi tí ilẹ̀ bá dúdú lójú bí ẹni da ọ́ìlì sí i, tí omi sì dúró lórí rẹ̀ láìwọlé, iyọ̀ tibẹ̀ yàtọ̀. Ó ń fẹ́ oògùn ilẹ̀ tí ń jẹ́ gypsum àti owó púpọ̀. Ẹni tó yá ilẹ̀ fún ọdún méjì kò ní rí èrè nínú àtúnṣe yẹn. Ẹ fi í sílẹ̀.

KÍ Ẹ TÓ SAN OWÓ

Ẹ mú ọkọ́ lọ, ẹ má ṣe tijú. Ẹ gbẹ́ kòtò mẹ́ta, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lẹ́yìn, kí kòtò kọ̀ọ̀kan jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 3. Bí onílẹ̀ bá kọ̀ fún yín láti gbẹ́ kòtò, ó ti dá yín lóhùn nìyẹn.

Nínú kòtò náà, ẹ wo àwọ̀. Ilẹ̀ pupa tàbí àwọ̀ ilẹ̀ lásán túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ ń wọ ibẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ eérú, tí àmì pípọ́n bí irin tó dípẹtà sì wà káàkiri inú rẹ̀, omi ń dúró níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀ lọ́dún. Ibi tí àmì yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ni omi ń ga dé. Bí kò bá jìn ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, ìrẹsì ni kí ẹ fi síbẹ̀, kì í ṣe tòmátì.

Ẹ bu ilẹ̀ díẹ̀, ẹ fi omi rin ín, ẹ yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni ń yí àkàrà. Yanrìn kò ní lẹ̀ pọ̀. Ẹrẹ̀ á rọ̀ bí ìyẹ̀fun, á lẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ nà án gùn á já. Amọ̀ á gùn bí okùn, á sì máa dán. Bí ẹ bá fẹ́ rí i dájú, ẹ da ilẹ̀ náà dé ìdá mẹ́ta ìgò kan, ẹ fi omi kún un, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, ẹ gbé e kalẹ̀. Èyí tó rò láàárín ìṣẹ́jú kan jẹ́ yanrìn. Èyí tó rò láàárín wákàtí méjì jẹ́ ẹrẹ̀. Èyí tí ó ṣì ń da omi rú lọ́jọ́ kejì, amọ̀ ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, kànga. Ẹ má lọ wo kànga ní oṣù kọkànlá nígbà tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ fà, gbogbo kànga ló dára nígbà yẹn. Ẹ béèrè bí ó ṣe ń rí ní oṣù kẹta àti ìkẹrin, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe onílẹ̀. Ẹ̀rọ afami kékeré tí a ń gbé kalẹ̀ sórí ilẹ̀ kò lè fa omi tó bá jìn ju nǹkan bí mítà 7 lọ, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 23, bó ti wù kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára tó. Kì í ṣe àbùkù ẹ̀rọ, bí afẹ́fẹ́ ayé ṣe rí nìyẹn. Bí omi bá ń lọ kọjá ibẹ̀ nígbà tí àlùbọ́sà ń ta orí, ẹ óò máa wo omi nínú kànga, ẹ̀rọ kò ní gbé e.

DÁÀMÙ TÓ WÀ LÓKÈ ODÒ

Ẹ tún béèrè bóyá dáàmù wà lókè odò náà. Ìdáhùn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n parí dáàmù Tiga lókè Kano ní 1974, ti Bakolori lórí odò Sókótó ní 1978, ti Challawa ní 1992. Àwọn dáàmù wọ̀nyí fún àwọn kan ní omi ọdọọdún, a kò lè sẹ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ odò, omi tó ń ya bo fàdámà dínkù. Ní àbàtà Hadejia àti Nguru, omi ń bo ilẹ̀ tó ju 2,000 kìlómítà níbùú àti lóòró lọ ní àwọn ọdún 1960. Nígbà tó fi máa di òpin àwọn ọdún 1980, ọ̀dá àti dáàmù ti jọ jẹ ẹ́, kò tó 1,000 mọ́ ní ọ̀pọ̀ ọdún. Ilẹ̀ tí omi kò bò mọ́ kì í rí ẹrẹ̀ tuntun gbà, kànga rẹ̀ kì í kún, iyọ̀ rẹ̀ kì í rí ohun tí yóò fọ̀ ọ́. Orúkọ rẹ̀ ṣì ni fàdámà, owó fàdámà ni wọ́n á sì gbà lọ́wọ́ yín. Lójú tèmi, irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí tùdú tó ní orúkọ rere.

Ní òdìkejì, dáàmù kò ní kí omi má ṣe ìjàm̀bá. Ní 2010, ọ̀nà ìtúmi dáàmù Goronyo já, omi sì gbé abúlé àti oko lọ ní Sókótó. Ní 2020, omi bo ìrẹsì tó ń retí ìkórè ní Kebbi. Nítorí náà, ẹ má fi gbogbo owó yín sí ohun ọ̀gbìn ìgbà òjò nínú kòtò. Ẹ jẹ́ kí omi wá, kí ó lọ, kí ẹ tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

MÀLÚÙ

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn darandaran, kò sì kéré. Fàdámà tí ẹ rí bí oko, ibi ìjẹko ẹ̀ẹ̀rùn ni lójú Fúlàní, ó sì ti rí bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó dé. Láyé àtijọ́, ètò náà tọ́: àgbẹ̀ á kórè, màlúù á wọlé jẹ pòròpórò, á sì fi ìgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ilẹ̀. Yanrìn etí odò kò rí àjílẹ̀ mìíràn tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé ẹ̀rọ afami jẹ́ kí oko wà lórí fàdámà títí di oṣù kẹrin, nígbà tí màlúù kò ní ibòmíràn tí yóò lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ rántí oṣù kẹrin àlùbọ́sà.

Ẹ béèrè ibi tí ojú ọ̀nà màlúù gbà, ẹni tó bá dáko sí ojú ọ̀nà náà ti fa ìjà sílé. Ẹ fi ibi tí wọ́n á gbà dé odò mu omi sílẹ̀, kódà bí onílẹ̀ bá ní kí ẹ ro ó pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ tí màlúù lè wọ oko wà nínú ìwé àdéhùn ilẹ̀ náà, kí olórí abúlé àti aṣáájú àwọn darandaran ibẹ̀ jọ fọwọ́ sí i, kí ó sì jẹ́ pé kí ẹ tó lọ́ àlùbọ́sà ní oṣù kejìlá ni ẹ ti ṣe èyí, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ màlúù bá ti wọ inú ebè.